Ẹsẹ̀ Mákindé

“Mákindé, níbo lo gbé ọgbọ̀n lítà epo mi sí?”

Màmá Àṣíáwù, tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà lórí pèpéle, gbé ojú sókè. Kì í ṣe epo ló kọ́kọ́ gún un létí. “Lo gbé” yẹn ni. Husain ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ń pe ẹni ọgọ́ta ọdún ní “ìwọ” níta gbangba, níṣojú Lábísí alákàrà àti àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Títí di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, “Ẹ̀gbọ́n Mákindé” ló ń pè é.

Mákindé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù. Àkísà tó fi ń nu gíláàsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀gá, mi ò gbé epo kankan síbì kankan.”

“Ọgọ́rin lítà ni wọ́n rọ sí i ní Aiyetoro lójú mi, ó kún dé ẹnu. Ìwé tí wọ́n kó mọ́ mọ́tò yìí sọ pé lítà kan á gbé e rin kìlómítà mẹ́wàá. Irinwó kìlómítà ló rìn. Ogójì lítà ló yẹ kó mu. Lítà mẹ́wàá péré ló wá kù níkùn rẹ̀. Ìyókù ńkọ́? Ṣé ó hu ìyẹ́, ó fò lọ ni?”

“Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò wa ọ̀nà Ìmẹ̀kọ rí,” ni Mákindé wí jẹ́jẹ́.

Lábísí yí àkàrà kan padà nínú agbada, ó rẹ́rìn-ín. “Èmi ò dárúkọ ẹnì kan o. Ṣùgbọ́n ọ̀nà igbó kì í hu koríko lójú ẹni tó ti ru epo gba ibẹ̀ rí.”

Àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dẹ ẹsẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ní Ìwòyè pé Mákindé ti ṣe fàyàwọ́ epo rí? Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tó ti fi í sílẹ̀, láti ọjọ́ tí iná jó Ọ̀jẹ̀túndé ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ inú igbó pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lórí alùpùpù. Láti ọjọ́ náà, Mákindé ò fi ọwọ́ gbé epo mọ́, ìbáà ṣe inú ìgò. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà rèé tí wọ́n ti ti bọ́dà. Àṣẹ ti wá pé kí wọ́n má gbé epo wá sí àwọn ilé epo tó súnmọ́ ẹnubodè mọ́. Láti Ìwòyè dé Ìmẹ̀kọ, kò sí ibi tí ènìyàn ti lè ra lítà kan. Bí o bá sì fi kẹ́ẹ̀gì gbé e wá láti Aiyetoro, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà di àgbẹ̀, àwọn obìnrin ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Ní irú àsìkò yẹn, bí wọ́n bá sọ pé ọgbọ̀n lítà sọnù lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe fàyàwọ́ rí, iṣẹ́ nìkan kọ́ ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọ̀ yóò tún dọ̀tí.

Màmá Àṣíáwù mọ ibi tí epo náà wà. Òun gan-an ló mu ún.

Kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ gbọ́. Husain ń ra kaṣú, ó sì ń tà á ní Ilaro. Ó fi jíìpù ńlá yìí sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìwòyè nítorí orúnkún ìyá, kí Mákindé lè máa gbé e lọ rí dókítà ní Aiyetoro. Àbí irú jíìpù wo! Dúdú minimini, ó ga bí àjà. Màmá sọ ọ́ ní Àjànàkú. Láràárọ̀ ló máa ń kí i, tí yóò máa fọwọ́ pa á ní imú:

“Àjànàkú, arìn-bí-òkè-tó-ń-ṣí,
Ó gba ojú ẹrẹ̀ kọjá, kò wẹ ẹsẹ̀;
Ó gba ojú kòtò kọjá, èmi ò mọ̀ pé kòtò wà.”

Orin ni Màmá. Àtàárọ̀ dalẹ́, orin ni. Suliat àbúrò rẹ̀, tó lọ́kọ sí Kétu lódìkejì ẹnubodè, ló máa ń bá a gbe ègbè lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà, Suliat ò lè wá mọ́. Orin di orin ẹnu kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ooru mú bí ẹni pé oòrùn sọ̀kalẹ̀ wá jókòó sórí páànù, Màmá wọ inú jíìpù, ó ní kí Mákindé tan ẹ́síì sí i fún òun díẹ̀. Gíláàsì wà ní títì. Ó dá orin. Ohùn rẹ̀ kọlu gíláàsì, ó padà wá bá a, bí ẹni pé Suliat wà lẹ́yìn tó ń gbè é. Háà! Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti kírun ọ̀sán tán, inú jíìpù ló wà títí wọn ó fi pe àsárì. Bí wọ́n bá ṣí gíláàsì, ohùn á fò lọ; bí wọ́n bá pa ẹ́síì, ooru á pa á. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, Mákindé á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, á máa ṣọ́ ọ.

“Má sọ fún Husain o,” ni Màmá wí fún un. Ojú ń tì í. Òun kan náà ló ń bá àwọn ọmọ ilé wí pé wọ́n ń fi epo ṣòfò.

“Ẹnu mi kọ́ ni yóò ti gbọ́ ọ, Màmá.”

Mákindé náà nìyẹn tó dúró síwájú ìta yìí, tí wọ́n ń pè é ní olè, tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Màmá. Ó wo ẹnu Lábísí, ó wo àwọn tó dúró, ó gbé e mì. Ó korò bí ewúro.

“Kó kọ́kọ́rọ́ wá,” ni Husain wí. “Mò ń gbé mọ́tò mi lọ sí Ilaro lónìí.”

“Lónìí ni dókítà dá fún orúnkún mi,” ni Màmá yára wí. “Mò ń bá ọ dé Aiyetoro. Mákindé náà ń bọ̀. Ta ni yóò dì mí mú gun àtẹ̀gùn, ìwọ tí o máa ń tẹ fóònù?”

Husain kùn. “Ó dáa. Aiyetoro ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ ó ti pínyà.”

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra. Husain ló wà á. Àpò gàrí mẹ́jọ wà lẹ́yìn, tó ń gbé lọ sí Ilaro. Nọ́ńbà kan ń tàn níwájú rẹ̀, èyí tó ń sọ iye kìlómítà tí epo inú rẹ̀ lè rìn: méjìdínlọ́gọ́ta. Ọgọ́ta ni ọ̀nà Aiyetoro.

“Kìlómítà méjì ò tó nǹkan,” ni Husain wí, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Àjànàkú bú, ó fò síwájú. Ọkàn Màmá fò, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀, kí a má purọ́. Agbára dára! Bí kòtò bá yọ, Husain á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbì. Bí ó bá ti kọjá rẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ pìì. Níbi tí àwọn agbófinró ta okùn sójú ọ̀nà, wọ́n dúró pẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ́síì ń fẹ́ tútù bíi yìnyín. Nígbà tí wọ́n fi dé Ìmẹ̀kọ, ìrìn kìlómítà méjìdínlógún péré, nọ́ńbà náà ti di mẹ́rìnlélógún.

Husain wò ó. Ó tún un wò. “Kí ló dé tó fi ń mu ún báyìí?”

Wọ́n yà sí ilé epo kan. Ewúrẹ́ sùn sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, aláǹtakùn ti ta òwú láti ìdí rẹ̀ dé ẹnu. Wọ́n lọ sí èkejì. Tìyẹn, wọ́n ti gbin ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀. Kìlómítà méjìlélógójì ló kù, igbó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òógùn bọ́ lójú Husain nínú ẹ́síì.

“Ọmọ mi,” ni Màmá wí, “fún ẹlẹ́ran ní okùn ẹran rẹ̀.”

Husain sọ̀kalẹ̀ láìwo ojú Mákindé. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò rẹ̀. Irú mọ́tò yìí ò bèèrè kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀. Mákindé ò jókòó síbẹ̀ lójú kan náà. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ó mi orí, ó yà sọ́dọ̀ Rájí tó ń lẹ táyà létí ọ̀nà.

“Rájí, fọn wọ́n fún mi kí wọ́n le. Bàtà tó bá dẹ̀, ẹsẹ̀ kì í yá nínú rẹ̀. Kí o sì bá wa tọ́jú àpò gàrí mẹ́jọ.”

“Gàrí mi?” ni Husain wí.

“Ọ̀gá, erin ò lè sáré tán kó tún ru igi.”

Wọ́n sọ gàrí kalẹ̀. Mákindé pa ẹ́síì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán lé ibi tí wọ́n ń tẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan orí ọmọ tuntun. Jíìpù rọra ṣí bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń sún.

“Màmá,” ló wí, “ẹ bá mi fi orin dì í mú.”

Màmá mọ èyí tó fẹ́. Agbo ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí Màmá sí. Òun ló ń fínná fún bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Lọ́jọ́ tí Mákindé kọ́kọ́ gbé e nínú jíìpù yìí, ó gbọ́ tí nǹkan kan ń súfèé nínú ẹ́ńjìnnì. Mákindé ní, “Tọ́bò nìyẹn, Màmá. Atẹ́gùn ló ń fẹ́ sí iná inú rẹ̀ kó lè lágbára.” Màmá pariwo, “Ẹwìrì ni! Wọ́n gbé ẹwìrì sínú mọ́tò!” Láti ìgbà náà ló ti mọ jíìpù yìí bí ẹni mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹwìrì ò burú. Ọwọ́ ẹni tó ń fẹ́ ẹ ni kí a wò. Bí o bá fẹ́ ẹ wìì-wìì-wìì, irin á pọ́n kíákíá, èédú á sì tán kíákíá. Ìdí tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ lórin nìyẹn, kí ọwọ́ lè máa tẹ̀lé e:

“Rọra fínná, ọmọ alágbẹ̀dẹ,
Rọra fínná o;
Irin á pọ́n, kò níí ṣàìpọ́n,
Rọra fínná o;
Èédú kì í hù lóko,
Rọra fínná o.”

Ẹsẹ̀ Mákindé ń tẹ̀lé orin. Ó rí kòtò lókèèrè, ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò kó tó dé ibẹ̀, kò fọwọ́ kan bíréèkì. Ó dé orí òkè, ó jẹ́ kí Àjànàkú fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò kúkú pa ẹ́ńjìnnì, bí ẹ ṣe máa ń ṣe nínú igbó?” ni Husain bèèrè. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gún lára.

“Ti ìgbà yẹn yàtọ̀, ọ̀gá. Bí mo bá pa èyí, bíréèkì á le, sítíárìn á le. Ẹ kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ń yí lófẹ̀ẹ́, kò níí mu epo.”

Wọ́n débi okùn mìíràn. Mákindé pa ẹ́ńjìnnì bó ṣe dúró, ó kí àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n ní kó máa lọ. Ó tún rọra ṣí. Husain na ọrùn wo nọ́ńbà, ó sì pariwo:

“Ẹ wò ó! Ó ti di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ó ń gòkè! Báwo ni epo ṣe ń pọ̀ sí i nínú mọ́tò tó ń rìn?”

“Epo ò pọ̀ sí i, ọ̀gá. Mọ́tò yìí ń wo ẹsẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin ń wà á, ó rò pé ebi ni yóò pa òun. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ńbà dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó sì ń wálẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò kékeré kan yà wọ́n sílẹ̀, ó kọjá fìrì, ọmọ inú rẹ̀ na ọwọ́ sí wọn: “Bàbá, ṣé ìsìnkú lẹ ń lọ ni?” Husain tó jókòó gan-an pẹ̀lú ìbínú ti ń fi ìka lu orúnkún, ó ń tẹ̀lé orin ìyá rẹ̀ láìmọ̀.

Wọ́n wọ ilé epo ní Aiyetoro, nọ́ńbà ku mẹ́rin.

Husain sọ̀kalẹ̀, ó lu orí jíìpù, ó ju ọwọ́ sókè. “Mákindé! Ẹsẹ̀ rẹ kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán! Mi ò rí irú èyí rí láyé mi!” Ọmọbìnrin tó ń ta epo rọ ọ́ kún dé ẹnu. Husain yọ fóònù, ó ń ṣírò, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Dúró ná,” ló wí. “Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, láti Ìmẹ̀kọ dé ìhín, lítà kan gbé wa rin kìlómítà mẹ́wàá. Bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́. Ìwé ò parọ́.” Ó gbé ojú sókè. “Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ yìí lo fi ń wà á lójoojúmọ́, ọgbọ̀n lítà mi ò sí lójú ọ̀nà. Ó wà níbòmíràn. Mákindé, ìwọ fúnra rẹ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí.”

Mákindé wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò tíì wọ bàtà. Kò wo ọ̀dọ̀ Màmá rárá.

“Ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe rí i, ọ̀gá,” ló wí.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé Màmá Àṣíáwù dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ọkùnrin yìí mọ̀. Láti Ìmẹ̀kọ ló ti mọ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ bí Husain ṣe tẹ̀ ẹ́, tí epo bá tán mọ́ wọn lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti tán: ìwé ló purọ́, jíìpù ló lọ́fun, Mákindé jàre. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí ìyá arúgbó sùn sínú igbó. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ náà tẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màmá ṣílẹ̀kùn. Orúnkún dùn ún, kò dúró de ẹni tí yóò dì í mú.

“Husain, èmi ni mo mu ún.”

“Mu kí ni, Màmá?”

“Epo. Ọ̀sán mẹ́wàá. Láti ìrun ọ̀sán títí di àsárì, mo máa ń jókòó sínú Àjànàkú, mo máa ń ní kó tan ẹ́síì, màá máa kọrin. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ọ.”

Husain la ẹnu. “Ẹ́síì? Ẹ̀yin tí ẹ lù mí nítorí mo gbàgbé àtùpà sílẹ̀ ní títàn?”

“Èmi náà ni. Wá lù mí padà.” Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. “Bí gíláàsì bá wà ní títì, ohùn mi a máa padà wá bá mi. A máa dà bíi Suliat. Oṣù kẹfà rèé tí mi ò rí ẹni gbè mí lórin, Husain. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yìí, mo jókòó ti ẹ̀wà mi, mo jẹ́ kí o pe ẹni tó jù ọ́ lọ lólè. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ó tún fi ẹsẹ̀ tó mọ̀ pé yóò dá òun lẹ́bi gbé ọ débí. Irú ènìyàn wo lo tún ń wá?”

Husain yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó nà án sí Mákindé.

Mákindé ò gbà á. “Ilé epo kọ́ ni ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi, ọ̀gá.”

Husain gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yé e. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò. Nígbà tí dókítà ti wo orúnkún Màmá tán, kò kọjú sí Ilaro mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wa jíìpù padà sí Ìwòyè, Mákindé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọ̀gá. Ẹ gbé e kúrò, kòtò ń bọ̀.”

“Mo ti gbé e kúrò.”

“Ẹ ò tíì gbé e kúrò o. Ẹ ń rò ó ni.”

Màmá ń kọrin lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín sínú orin. Wọ́n kó gàrí lọ́dọ̀ Rájí. Ẹsẹ̀ Husain ò dà bíi ti Mákindé, ṣùgbọ́n ó ti sàn ju ti àárọ̀ lọ.

Oòrùn ń lọ bọ́ sí ìhà Kétu nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé. Lábísí ń ti igi bọ abẹ́ agbada rẹ̀, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń bọ̀ láti ìrun àsárì. Husain dúró síbi tó dúró sí láàárọ̀. Ó tẹ̀ba, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, kó tó fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ náà.

“Ẹ̀gbọ́n Mákindé,” ló wí, ó sì jẹ́ kó dún, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ má bínú sí mi.”

“Epo náà wá dà?” ni Lábísí bèèrè kí ojú tó tì í.

“Ó wà níkùn mi,” ni Màmá dáhùn. “Lábísí, dín àkàrà rẹ.”

Mákindé gba kọ́kọ́rọ́. Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku ọ̀nà kúrò lójú Àjànàkú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Màmá kírun ọ̀sán tán, ooru kò dín. Ó jáde, ó bá Mákindé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, ìka rẹ̀ ti wà níwájú bọ́tìnnì.

“Má tàn án,” ni Màmá wí. “Ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀.”

Wọ́n ti gbé e sábẹ́ igi ọdán, níwájú ìta báyìí, kì í ṣe lẹ́yìnkùlé mọ́. Mákindé ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màmá jókòó sẹ́yìn, ó dá orin. Ohùn náà jáde, ó fò lọ, kò padà. Ó tún dá a. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ sójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ti fẹ́ dákẹ́.

Nídìí agbada, láìgbé ojú sókè, Lábísí gbè é:

“Rọra fínná o.”